Kí Ìbọn Ọlọ́pàá tí ó Ti Fẹ̀yìntì Dúró ní Ẹnu-Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbé lọ gbé bọ̀, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé gbé e yẹ̀wò, nítorí pé bí a bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni pẹ̀lú. Ìbéèrè náà ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì máa gbé ìbọn wọ inú ilé iṣẹ́ ìjọba? Àwọn kan ní ó tọ́, wọ́n sì ń fi ojú aláìmoore wo ẹni tí ó bá ní kò tọ́. Èmi ní kò tọ́, n ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn láì bu ọlá ẹnikẹ́ni kù.

Kí a tó jiyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Ààrẹ George W. Bush fi ọwọ́ sí òfin kan tí ó fún ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti èyí tí ó ti fẹ̀yìntì ní àyè láti máa gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, bí ìpínlẹ̀ tí ó ń kọjá kò tilẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé àìlera tí iṣẹ́ náà fà ni ó mú un kúrò. Ọdún 15 ni wọ́n béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2010 ni wọ́n sì dín in kù. Ó gbọ́dọ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rere. Ó gbọ́dọ̀ ní káàdì tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìbọn yínyìn láàárín oṣù 12, owó ara rẹ̀ ni yóò sì fi ṣe é. Kò sì gbọdọ̀ mu ọtí yó nígbà tí ìbọn bá wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe òfin náà fi ààlà kan sílẹ̀. Wọn kò gba agbára lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ìlú láti wí pé, “Ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé wa yìí.” Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ọwọ́ kan òfin tí ó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó wí pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìbọn wọ ibẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n títí di ọdún 1. Òfin yìí yọ ọlọ́pàá tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáradára: tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni òfin wò, kò wo ojú ẹni tí ó ń ṣe é.

Ààlà yìí ni àwọn kan fẹ́ hú. Ní ọdún 2024, Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá kan láti tún òfin ọdún 2004 ṣe, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin náà parí sáà rẹ̀ kí àbá náà tó di òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún gbé irú rẹ̀ dìde, Ilé Aṣojú-ṣòfin sì tún fọwọ́ sí i. Àbá náà fẹ́ kí ọlọ́pàá àti ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì máa gbé ìbọn wọ agbègbè ilé-ìwé, wọ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ àti ti ìlú tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti wọ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a tò sí ipele kìn-ín-ní àti ìkejì nínú ipele 5 tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu ilé. Kì í ṣe èyí nìkan: ó tún fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti dín iye ìgbà tí ẹni tí ó fẹ̀yìntì yóò máa ṣe ìdánwò ìbọn kù. Irú àbá bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú. Bí wọ́n bá sin ín lónìí, a tún jí dìde lọ́la. Nítorí náà, èrò tí ó bí i ni ó yẹ kí a bá jà.

N kò ní fi àbùkù kan ẹjọ́ àwọn tí ó fẹ́ ẹ, nítorí pé ó ní ìtumọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó ti fi ọdún 20 tàbí 30 dojú kọ àwọn ọ̀daràn mọ ìbọn lò ju ará ìlú lọ. Wọ́n ní ọ̀daràn tí ó rán lọ sí ẹ̀wọ̀n kò gbàgbé ojú rẹ̀. Wọ́n ní bí apànìyàn bá wọ inú ilé tí kò sí ẹ̀ṣọ́ nínú rẹ̀, inú gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ni yóò dùn pé àgbà ọlọ́pàá kan wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá nínú wọn ì bá wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni àgbà fi ń tún orí ọmọ ṣe, kì í ṣe ohun ìjà. Ọwọ́ náà sì gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ tí ìyá ọmọ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ìwé tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Bí olórí ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìntì bá wá kí wa, gbogbo wa ni a ó dìde. A ó fún un ní àga tí ó dára jù lọ. Bí ó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, a ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú pàṣán jáde láti abẹ́ agbádá rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ, ta ni yóò dá bàbá ọmọ náà lóhùn? Olórí tí ó wà lórí àga lónìí kò rán an níṣẹ́, kò sì sí ìwé tí a kọ ìyà náà sí. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ pàṣán lò mọ́. Àṣẹ tí ó fi ń lò ó ni ó ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó fẹ̀yìntì. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá rí. Oyè ni ó ń gbé ìbọn, kì í ṣe ènìyàn. Ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀gá tí ó lè pè é padà. Ó ní aṣọ tí ènìyàn fi ń dá a mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí ó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ní kí ó dúró. Bí ó bá yin ìbọn, a ó bi í léèrè ìdí rẹ̀, a sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí mọ́. Òfin ọdún 2004 fún un ní àyè láti gbé ìbọn, ṣùgbọ́n kò dá agbára ọlọ́pàá padà fún un: kò fún un ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lè mú ọ̀daràn, kí ni a fẹ́ kí ó fi ìbọn ṣe nínú ilé ìjọba, bí kò ṣe kí ó yìn ín?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Dan White lọ sí Gbọ̀ngàn Ìlú San Francisco. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó ti ṣe panápaná rí, ó sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà kí ó tó kọ ìwé pé òun fi ipò sílẹ̀. Ó wá yí ọkàn padà, ó fẹ́ gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n George Moscone, olórí ìlú, kò fẹ́ dá a padà fún un. White mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń fi irin hàn wà ní ẹnu-ọ̀nà, ìbọn sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ojú fèrèsé ni ó gbà wọlé. Ó yìnbọn pa Moscone nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó tún ki ọta sínú ìbọn, ó sì lọ pa Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Òtítọ́ ni pé White kò pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá tí òfin ọdún 2004 ì bá fi kà á mọ́ àwọn tí ó fẹ̀yìntì. N kò sì wí pé apànìyàn ni àwọn tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ọmọlúàbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni fèrèsé náà. Ẹni tí ó ní ìkà lọ́kàn mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà ni yóò tú òun fó. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ilé náà ni kí àwọn tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí máa gbé ìbọn kọjá, kò ní í wá fèrèsé kiri. Ẹ̀ṣọ́ ì bá kí i káàárọ̀, òun náà ì bá jẹ́ ẹ, kí ó sì kọjá. Ìbínú kì í bi ẹnikẹ́ni bí ó bá ti ṣe ọlọ́pàá rí kí ó tó wọ inú ọkàn rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ̀yìntì pẹ̀lú a máa ní ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìyàwó, ẹjọ́ owó orí àti ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Ilé ìjọba sì ni a ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ wọ̀nyí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Ìlú New York ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2003. James Davis, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì ń gbé ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ. Ó mú àlejò kan wọlé, ẹni tí ó ti fẹ́ bá a du ipò. Nítorí pé àṣà ibẹ̀ nígbà náà ni kí ọmọ ìgbìmọ̀ àti àlejò rẹ̀ yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń fi irin hàn, kò sí ẹni tí ó yẹ ara àwọn méjèèjì wò. Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, àlejò yìí yọ ìbọn, ó sì pa Davis. Ìbọn Davis wà lára rẹ̀. Kò rí àyè yọ ọ́. Ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibẹ̀ ni ó yìnbọn lu apànìyàn náà. Lẹ́yìn èyí ni olórí ìlú, Michael Bloomberg, pàṣẹ pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa gba inú ẹ̀rọ náà kọjá.

Ẹ fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn. Ní San Francisco, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ni apànìyàn. Ní New York, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ni ẹni tí a pa, ìbọn rẹ̀ kò sì gbà á. Ohun tí ì bá gba Davis là ni kí a yẹ ara àlejò rẹ̀ wò ní ẹnu-ọ̀nà. Ọ̀wọ̀ tí a bù fún ipò rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ṣí ẹnu-ọ̀nà díẹ̀ fún ẹni tí a bọlá fún, ẹlòmíràn yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Ewu mìíràn tún wà, orí àwọn tí ó fẹ̀yìntì gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sí. Bí ìbọn bá dún nínú ilé, àwọn ọlọ́pàá yóò sáré wọlé láìmọ ẹni tí ó ń pa ènìyàn. Bí wọ́n bá bá arúgbó kan nínú aṣọ ilé, tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò sọ fún wọn pé ènìyàn rere ni? Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá kan, ẹni ọdún 25, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀, ń lé ẹni tí ó fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Harlem ní New York. Aṣọ ilé ni ó wọ̀, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá a mọ̀, ó yìnbọn fún un, ó sì kú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ìlú Arvada ní ìpínlẹ̀ Colorado, ará ìlú kan yìnbọn lu apànìyàn tí ó ti pa ọlọ́pàá kan. Ọlọ́pàá tí ó dé lẹ́yìn náà rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa á. Bí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá bá lè kú ikú àṣìmọ̀ báyìí, kí ni yóò gba ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 15?

Ẹni tí ó bá mọ ìròyìn yóò dá mi lóhùn pé, “Texas ńkọ́?” Mo gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2019, apànìyàn kan dìde nínú ìsìn ní ìlú White Settlement, ó pa ènìyàn 2. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ọlọ́pàá àfikún rí yìnbọn pa á. Ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ìyìn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí. Kì í ṣe ẹni tí ó ṣèèṣì kọjá. Òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ìjọ náà fúnra wọn yàn. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n rán an níṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rí tèmi ni Texas jẹ́. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba kan bá nílò àgbà ọlọ́pàá, kí ìjọba gbà á síṣẹ́, kí wọ́n fún un ní aṣọ, kí wọ́n sì san owó fún un. Nígbà náà ni yóò di ẹ̀ṣọ́. Kò ní jẹ́ àlejò tí ó pa ìbọn mọ́ sábẹ́ aṣọ.

Wọ́n ní àwọn ilé ipele kìn-ín-ní àti ìkejì ni ewu wọn kéré. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Nígbà tí bọ́ǹbù wó ilé ìjọba ní Oklahoma City ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, tí ó pa ènìyàn 168, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún náà láti máa ṣètò ààbò àwọn ilé rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ni pé ìṣètò ni ààbò ilé, kì í ṣe oríire. Ilé tí ó wà ní ipele ìsàlẹ̀ ni kì í sábà ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀. Ta ni yóò wá yẹ káàdì wò níbẹ̀? Bí 18,000 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ńlá àti kékeré tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Akọ̀wé tí ó jókòó sí ojú wíndò kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú káàdì wọn àti èyí tí a yà ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tí ó gbé àbá yìí kalẹ̀ sì fẹ́ kí a dín ìdánwò kù ní ọjọ́ kan náà tí a ń fi àyè kún àyè. Bí ojú bá ń dàgbà, tí ọwọ́ sì ń gbọ̀n, ṣé ìgbà náà ni ó yẹ kí a dẹ́kun bíbéèrè bóyá ènìyàn ṣì lè yìnbọn gún?

Ní ti àwọn ọ̀tá tí ó lè máa dọdẹ àgbà ọlọ́pàá, òfin ọdún 2004 ti fún un ní ìbọn rẹ̀ ní ojú pópó. Nínú ilé tí a ti yẹ gbogbo ènìyàn wò, ọ̀tá rẹ̀ kò ní ìbọn, òun náà kò sì nílò rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe kò le: kí wọ́n gbé àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu-ọ̀nà, bí àwọn ilé-ẹjọ́ kan ti ń ṣe. Kí àgbà ọlọ́pàá ti ìbọn rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí ó sì gbà á padà bí ó bá ń lọ. Ọdẹ tí ó lọ kí àna rẹ̀ kì í gbé ìbọn jókòó síwájú oúnjẹ. Kò sì sí ẹni tí yóò wí pé nítorí èyí a ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ẹ rántí irú ènìyàn tí ń wọ àwọn ilé wọ̀nyí. Opó tí ó wá béèrè owó ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti arúgbó tí etí rẹ̀ ti di, àti àjèjì tí kò gbọ́ èdè ìlú dáradára. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń gbé ní Houston àti ní Maryland ń lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé wọn. Ilé ìjọba ni ibi tí aláìlágbára ti lè bá alágbára jiyàn láìsí ìbẹ̀rù, nítorí pé àwọn méjèèjì fi agbára wọn sílẹ̀ ní ìta. Bí a bá wí fún ẹgbẹ́ kan pé kí wọ́n máa gbé ìbọn wọlé nítorí ohun tí wọ́n ti jẹ́ rí, a ti dá ìdílé olóyè kan sílẹ̀ nínú ìlú tí ó wí pé òun kò ní ìdílé olóyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ fi èyí sí wọn lọ́kàn: ẹni tí ó ń lo àṣẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò jíhìn fún. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ti sin ìlú. Ẹ dìde fún un, ẹ fún un ní àga, kí ìlú sì san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní pípé àti ní àkókò. Gbogbo èyí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́. Kí ó wọlé, kí a sì kí i káàbọ̀. Kí ìbọn rẹ̀ dúró dè é ní ẹnu-ọ̀nà.